Ibi Tí Odò Méjì Ti Pàdé

Ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, mo dúró ní Ìkógòsì-Èkìtì, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wà nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹsẹ̀ mi òsì sì wà nínú omi tó tutù bí omi inú àmù, bẹ́ẹ̀ ni n kò ya ẹsẹ̀ méjèèjì ju bí ènìyàn ṣe ń dúró lásán lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí etí gbọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n wá ṣe àbẹ̀wò ya fọ́tò títí, olùkọ́ wọn kó wọn lọ, èmi kò tíì fẹ́ jáde nínú omi. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ibi tí odò ti ń pàdé odò kò ti kúrò lọ́kàn mi, mo sì ti rin ìrìn-àjò mẹ́ta mìíràn nítorí rẹ̀, láti orí òkè Èkìtì títí dé ìsàlẹ̀ Ẹdẹ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Bí omi kan bá ń ṣàn wọ inú odò tó tóbi jù ú lọ, ẹ̀ka odò ni à ń pè é, bí ẹ̀ka igi. Orúkọ náà tọ́ sí i, nítorí ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fa odò sí yóò rí i pé Ọ̀ṣun àti àwọn omi tó ń wọ inú rẹ̀ jọ igi ńlá tí ìjì wó lulẹ̀, tí ìdí rẹ̀ wà ní etí ọ̀sà Lẹ́kí ní ìsàlẹ̀, tí orí rẹ̀ sì fọ́n ká sórí òkè Èkìtì àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàrin odò àti igi tí n kò rò rí títí di ọdún yìí. Igi ni ó ń bọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ní ti odò, àwọn ẹ̀ka ni wọ́n ń bọ́ ọ. Bí a bá gé ẹ̀ka igi, igi lè rú padà. Bí a bá ba ẹ̀ka odò jẹ́, odò ńlá kò ní ohun mìíràn tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́ ju omi tí àwọn ẹ̀ka yòókù bá gbé wá fún un lọ.

Ìkógòsì wà nínú àfonífojì tí igbó bò, láàrin àwọn òkè gíga tó na láti àríwá lọ sí gúúsù, èyí tí ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè náà tẹ̀dó sí. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ń lọ́ lẹ́sẹ̀ òkè, igi sì pàdé lórí rẹ̀ ní ibi púpọ̀ débi pé oòrùn ọ̀sán kì í rí ilẹ̀ tàn sí. Omi gbígbóná ń sun láti ẹsẹ̀ òkè, ó ń ṣàn lórí òkúta. Omi tútù ń bọ̀ láti apá kejì. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọdẹ kan ní ìyàwó méjì, inú ọ̀kan máa ń gbóná, ìkejì jẹ́ onísùúrù, wọn kò sì gbọ́ra yé. Ní ọjọ́ kan, ìjà wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi di omi, tí ọkọ wọn sì di òkè tó ń wò wọ́n láti òkè wá. Ìtàn orogún pọ̀ nínú ìtàn odò wa, n óò sì tún padà kan òmíràn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú èyí ni pé àwọn tí kò lè jọ gbé agbo ilé kan náà ni wọ́n wá jọ ń gbé inú odò kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yà wọ́n mọ́.

Àwọn ìwé ìpolówó kan a máa sọ pé ìgbóná omi náà tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ojú ìsun rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Omi tó bá gbóná tó 70 yóò bó ènìyàn lára lẹ́sẹ̀kan náà. Èmi sì ki ọwọ́ bọ omi náà ní ibi tó súnmọ́ ojú ìsun jù lọ tí ẹni tó ń mú wa káàkiri gbà mí láyè láti dé, mo ka ení, èjì títí dé ọgọ́rùn-ún, kò jó mi. Nǹkan bíi 37 tàbí 38 ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó wọn ọ́n rí, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbóná ara ènìyàn tí ara rẹ̀ le, èyí sì bá ohun tí ọwọ́ mi sọ fún mi mu. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè jókòó sínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kí ó má sì mọ ibi tí ara òun parí sí, kí ó má mọ ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Irú ìyanu bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a bu iyọ̀ sí i.

Kì í sì í ṣe òkè oníná ni ó ń se omi náà. Òjò tó rọ̀ sórí òkè ni ó ń gba àárín àpáta tó sán wọlé, tó ń lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi dé ibi tó jìn gan-an, bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìn sí i ni ooru inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí omi náà bá gbóná tán, yóò wá ọ̀nà gòkè padà gba ojú ibi tí àpáta ti là. Omi tútù kò lọ jìn tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó jáde. Òjò kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì, orí òkè kan náà ni wọ́n ti wá. Ọ̀nà tí oníkálukú wọn gbà nínú ilẹ̀ ni ó sọ wọ́n di gbígbóná àti tútù. Ní 1952 ni John S. McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, jẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́ nípa ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onílùú ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ohun tí ó mú mi dúró pẹ́ ni pé omi méjèèjì kì í dà pọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá pàdé. Ààlà kan wà láàrin wọn. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo ń tẹ̀lé ààlà náà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan lé ekeji, mo ń fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wá a bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ní ibi kan ó wà láàrin gbùngbùn odò, ní ibi mìíràn òkúta ti tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá díẹ̀díẹ̀, omi gbígbóná kan á sáré kọjá lára ojúgun mi, tútù á tẹ̀lé e, títí tí mo fi dé ibi tí n kò lè sọ mọ́ pé èyí ni ìyáálé, èyí ni ìyàwó. Àwọn odò ńláńlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gun òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, tó wo ibi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé, yóò rí àwọ̀ omi méjì tí wọ́n ń ṣàn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbà láti di ọ̀kan. Bí ìgbóná omi méjì bá yàtọ̀, tàbí tí ẹrẹ̀ tí ọ̀kan gbé bá pọ̀ ju ti èkejì lọ, wọn kì í yára dà pọ̀.

Láti ibẹ̀ mo gba Ìpólé-Ìlórò kọjá, níbi tí omi Àrìnta ti ń já láti orí àpáta, mo sì gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ní apá Ìjẹ̀ṣà àwọn òkè wọ̀nyí ni Olúmirìn ti ń dà wálẹ̀ ní ìpele méje ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ariwo àwọn olùgbafẹ́ kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn omi lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Orí òkè gan-an ni ó gba ọkàn mi. Òun ni ó ń pín omi fún gbogbo wa. Ọ̀ṣun àti Ọ̀wẹnà fi ẹ̀yìn ti òkè yìí, wọ́n kọrí sí gúúsù níbi tí òkun wà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rìn sókè díẹ̀ sí apá àríwá, tó wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà, yóò bá àwọn omi tí wọ́n kẹ̀yìn sí òkun, tí wọ́n ń ṣàn lọ sí àríwá láti lọ bá Odò Ọya, tí Ọya yóò sì gbé wọn yí gba Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó fojú kan òkun yìí kan náà. Òjò ọ̀sán kan ṣoṣo ni ó rọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Orísun Ọ̀ṣun wà ní Ìgèdè-Èkìtì. Mo ti fojú sọ́nà fún ohun ńlá, nítorí orúkọ tí Ọ̀ṣun ní káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ìsun kékeré ni mo bá, láàrin igi àti ewé, omi tí ọmọdé lè fò kọjá. Mo fọ̀wọ̀ fún ibẹ̀, lẹ́yìn náà mo gba ẹ̀bá oko tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà tí omi kan wọ inú rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, omi tí kò kéré sí i rárá. Bàbá àgbẹ̀ kan ń ro oko ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀bá ibẹ̀.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

Ó ní, “Òo, ọmọ mi. O kú ìrìn.”

Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ omi tó wá láti apá ọ̀tún yìí?”

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wo omi náà bí ẹni pé wọn kò béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní, “Omi oko wa ni. Kò ní orúkọ mìíràn. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, á di Ọ̀ṣun.”

Mo bu omi náà sínú ìgò kan tí mo gbé dání. Mo ti ronú lórí ìdáhùn Bàbá yìí ju bí mo ṣe ronú lórí gbogbo ohun tí mo kà nípa odò lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi tí kò lórúkọ ni wọ́n para pọ̀ di Ọ̀ṣun. Bí wọ́n bá ti wọ inú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa jẹ́, òun ni a óò máa kí, òun ni a óò máa ṣọdún fún. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìròyìn wọn mọ́.

Gbogbo ọmọ Òṣogbo ni ó mọ ìtàn bí ọ̀dá omi ṣe lé Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, kúrò ní Ìpólé ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá sí etí Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n ń la ilẹ̀, wọ́n gé igi kan, igi náà wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Mo ti gbọ́ ìtàn náà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n nínú ìrìn-àjò yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí odò fi kan ìlú náà ni pé wọ́n ju nǹkan sínú ilé òun. Àwọn àgbà gbọ́ ẹ̀sùn náà, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ṣí ilé wọn kúrò ní bèbè odò, wọ́n sì fi igbó ibẹ̀ sílẹ̀ fún un. Igbó náà ni a mọ̀ sí Igbó Ọ̀ṣun lónìí, tó tó nǹkan bíi 75 hẹ́kítà, tí Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo dúró tì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n má baà pa á run. Àjọ UNESCO fi í sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, Àdùnní sì papò dà ní 2009. Igi ibẹ̀ ṣì dúró, ọ̀bọ ṣì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ojú ọ̀nà sì tutù minimini.

Ṣùgbọ́n igbó ni òfin dáàbò bò. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣun, omi náà pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ iṣu. Òjò máa ń sọ odò di pupa, ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun, ẹni tó bá sì rí i bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án kò yẹ kí ó pariwo. Oṣù Kejì ni mo lọ, láàrin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìkùukùu kan kò sí lójú ọ̀run, tí ó yẹ kí ènìyàn lè máa ka òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti òkè òkun wá, tí wọ́n gbé ìgò àti kèrègbè dání láti bu omi ìyá wọn lọ sílé, ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ìdí rẹ̀ wà lókè odò, ní àwọn ẹ̀ka. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni a ti mọ̀ pé wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tó ń wa á láìgba àṣẹ máa ń gbẹ́ bèbè àwọn odò kéékèèké, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú omi, wọ́n á máa fọ̀ ọ́. Wúrà wúwo, yóò rì, iyẹ̀pẹ̀ fúyẹ́, omi yóò gbé e lọ. Àwọn mìíràn ń lo mẹ́kúrì láti kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ, májèlé sì ni. Ohun tí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá dà sínú omi tí kò lórúkọ, inú Ọ̀ṣun ni yóò bọ́ sí. Omi tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń pọn ní ẹ̀yìn ilé ìyá wa àgbà ní abúlé wa ti di ọ̀wọ́ kòtò lónìí, omi ẹrẹ̀ kún inú wọn, ọ̀nà odò tí mo mọ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ebi ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀, àwọn kan ti ibi jíjìn wá, ẹni tó ń ra wúrà náà kì í sì í tẹ ẹrẹ̀. N kò lè kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́, ó sì ń bàjẹ́ títí di ìsinsìnyí.

Oríkì kan wà tí wọ́n máa ń ki Ọ̀ṣun, pé ó jẹ́ ẹni tó wa yanrìn wa yanrìn kówó sí. Ìyá àgbà mi kì í kọjá odò láì kì í bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ki oríkì náà mọ̀ pé ohun iyebíye wà nínú yanrìn odò, wọ́n sì mọ ẹni tó kó o pamọ́ síbẹ̀. Yanrìn yìí kan náà ni wọ́n ń wà nísinsìnyí láti kó owó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dé Ẹdẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìrìn-àjò mi parí sí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ràn jù lọ lẹ́yìn Ìkógòsì. Erinlẹ̀ ń ti apá àríwá bọ̀. Ó ti gba Ọ̀tìn mọ́ra lójú ọ̀nà, Ọ̀tìn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Òkukù. Ó gba agbègbè Ìlobùú kọjá. Ní agbègbè Ẹdẹ ni ó ti wọ inú Ọ̀ṣun. Ọdẹ ni Erinlẹ̀ kí ó tó wọlẹ̀ di odò, gẹ́gẹ́ bí àwọn olórìṣà ṣe ń sọ, ibi jíjìn kọ̀ọ̀kan nínú odò rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní ibú, tí ibú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tó jìnnà sí odò náà, àwọn ìyá amọ̀kòkò máa ń mọ àwo ota Erinlẹ̀, ìkòkò tí ọmọrí rẹ̀ dà bí adé, tí wọ́n ń kó ota inú odò àti omi sí. Ẹni tí kò bá lè gbé etí odò a gbé odò wọ inú ilé.

Ibi tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun gbé odò yìí dé tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kúbà, Inle ni wọ́n ń pè é. Ní Bùràsíìlì, orúkọ Ibualama ṣì wà lẹ́nu àwọn olórìṣà, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ibú Erinlẹ̀ ni. Wọ́n tún gbà lọ́hùn-ún pé Logunedé jẹ́ ọmọ tí Ọ̀ṣun bí fún Erinlẹ̀, àti pé oṣù mẹ́fà ni ó fi ń bá bàbá rẹ̀ ṣọdẹ nínú igbó, oṣù mẹ́fà ni ó fi ń bá ìyá rẹ̀ gbé inú omi. Mo ti gbọ́ èyí rí, mo kà á sí ìtàn dídùn lásán. Ọjọ́ tí mo dúró ní ẹ̀bá Ẹdẹ, tí mo rí odò ọdẹ tó ti inú igbó jáde, tó wọ inú odò ìyá, ni mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn ọmọ yẹn ti dúró sí irú ibi bẹ́ẹ̀ rí, tàbí kí ẹni tó kọ́ ọ ti dúró síbẹ̀, kí wọ́n tó kó wọn lọ.

Àwọ̀ méjì ni omi náà. Ọ̀ṣun pọ́n, Erinlẹ̀ dúdú díẹ̀ bí omi inú agbè. Ìsédò wà lórí Erinlẹ̀ lókè, omi tó bá sì dúró nínú adágún a máa jẹ́ kí ẹrẹ̀ rẹ̀ rì kí ó tó tẹ̀síwájú, n kò sì rò pé àwọn awúrà pọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ààlà tí mo fi ẹsẹ̀ wá ní Ìkógòsì, ojú lásán ni mo fi rí i níhìn-ín, ó lọ gbọọrọ láàrin odò, ó ń mì, ewé kan bọ́ sórí rẹ̀ kò mọ apá tí yóò yà sí. N kò wọ inú omi. Ìyá àgbà mi kì í jẹ́ kí a wẹ̀ níbi ìpàdé odò, ó ní ilẹ̀ kì í sí nísàlẹ̀ ibẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ: ibi tí ìṣàn méjì bá ti kọlu ara wọn, wọ́n a máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò jìn, omi a sì máa yípo. Ìdí kan náà nìyí tí omi fi máa ń ru ní ibi tí Ọbà ti wọ Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé Ọbà kò tíì dárí ji orogún rẹ̀ tó tàn án gé etí sínú ọbẹ̀ Ṣàngó. N kò rí ìdí tí a fi ní láti yan ọ̀kan nínú àlàyé méjèèjì.

Mo bu omi Ọ̀ṣun sínú ìgò kan ní òkè ibi tí wọ́n ti pàdé, mo bu ti Erinlẹ̀ sínú òmíràn. Ìbàdàn ni mo ń gbé, omi Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Aṣéjirẹ sì ni ó ń wá sí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní ọjọ́ tó bá wá. Nígbà tí mo dé ilé, mo to ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú fèrèsé ilé ìdáná. Ìgò Erinlẹ̀ tòrò mọ́jú, yanrìn díẹ̀ péré ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Ọ̀ṣun ti Ẹdẹ kò tòrò ní ọjọ́ kejì, kò tòrò ní ọjọ́ kẹta. Ìyá mi tó wá kí mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó bi mí bóyá ẹ̀lùbọ́ ni mo pò sínú rẹ̀. Ìgò kẹta ni èyí tí mo bu ní ẹ̀bá oko Bàbá ní Ìgèdè. Láti ọjọ́ tí mo ti bù ú ni ó ti mọ́ gaara.

Mo ti kọ orúkọ sí ìgò méjì àkọ́kọ́ kí n má baà ṣì wọ́n mú. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, mo rántí pé omi náà kò lórúkọ, mo di bírò mú títí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kọ Ọ̀ṣun sí i. Ìgò méjì ni wọ́n ń jẹ́ Ọ̀ṣun lójú fèrèsé mi báyìí.